Wọ́n Kọ̀ Láti Ta Ọjà Fún Ọ, Ṣé Ó Wá Tó Ogun?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti Under-G àti Tákíẹ́ wá jókòó nínú ooru yìí torí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti Ṣáínà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ò ṣòroó gbọ́: àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ń já ohun èlò tẹknọ́lọ́jì gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀kan ní òun ò ní tà fún èkejì mọ́, èkejì náà ní tòun náà ti di ohun tí owó ò lè rà, ṣé ìyẹn tó nǹkan téèyàn lè torí ẹ̀ gbé ogun kó sì tún sọ pé òun jàre? Èmi ò gbà pé ó tó. Kò tó rárá. Màá sọ ìdí ẹ̀, àmọ́ mi ò ní ṣe bíi pé àwọn tó gbà pé ó tó ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, wọ́n ní in, a ó sì gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tí wọ́n ń jà lé lórí ná. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Tákíẹ́, ẹ dúró wò wọ́n dáadáa. Wọ́n á tú fóònù, wọ́n á yọ bátìrì, wọ́n á gbé pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀ jáde, wọ́n á wá na ẹnu blower sí i, atẹ́gùn gbígbóná á máa fẹ́ lé e títí òjé tó di nǹkan tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní IC tàbí chip, tó ń darí iṣẹ́ fóònù, mú á fi yọ́, wọ́n á sì fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mú un kúrò, dúdú, onígun mẹ́rin, kò tó èékánná ọmọdé. Nǹkan kékeré yẹn ni. Tó bá ti jó tí wọn ò sì rí òmíràn rà, fóònù ti kú nìyẹn, kò sí bó ṣe wọ́n tó nígbà tẹ́ ẹ rà á. Irú ẹ̀ ló wà nínú mọ́tò, òun ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ní ọsibítù, òun ló wà nínú bọ́ǹbù tó ń dá ọ̀nà ara ẹ̀ mọ̀ lójú ọ̀run, òun náà ló wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe AI tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀.

Èyí tó já fáfá jù nínú àwọn chip yìí, tá a bá kó mẹ́wàá jọ, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló ń ti Taiwan wá, erékùṣù tí Ṣáínà ń sọ pé tòun ni, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ TSMC ló ń ṣe wọ́n, Morris Chang ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1987. Àmọ́ TSMC náà ò dá a ṣe o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwọn ìlà tín-ín-tín sára chip yẹn, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe é ní gbogbo ayé, ASML, ní ìlú Veldhoven ní Nẹ́dálándì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lé ní 150 mílíọ̀nù dọ́là. Nínú ẹ̀, tin tó ti yọ́ á máa kán sílẹ̀, ẹ̀kán 50,000 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, iná léésà á máa ba ìkọ̀ọ̀kan wọn, ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ yọ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Léésà yẹn, Jámánì ló ń ṣe é. Dígí tó ń darí ìmọ́lẹ̀ náà, Jámánì ni. Apá tó ń mú ìmọ́lẹ̀ yẹn jáde gan-an, San Diego ní Amẹ́ríkà ni. Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sórí ẹ̀, Jàpáànù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Tin ni mo ní o, tin kan náà tó mú kí ọ̀pọ̀ bàbá wa nílùú yìí di ẹrù lọ Jos láyé ọjọ́sí.

Mo dúró lórí èyí torí òun gan-an ló kọ́kọ́ fọ́ àríyànjiyàn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ogun. Ilẹ̀, èèyàn lè fi ogun gbà á. Kànga epo, èèyàn lè fi ogun gbà á. Ilé iṣẹ́ chip ńkọ́? Lọ́dún 2022, Mark Liu tó jẹ́ alága TSMC nígbà náà sọ ọ́ lórí CNN pé kò sẹ́ni tó lè fi agbára gba ilé iṣẹ́ àwọn kó sì máa bá iṣẹ́ lọ, torí ojoojúmọ́ làwọn ń bá Yúróòpù, Jàpáànù àti Amẹ́ríkà ṣe pọ̀ lórí kẹ́míkà, lórí páàtì, lórí ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni Rọ́ṣíà wọ Yukréènì, ogun tí ò tilẹ̀ kan chip, àmọ́ gáàsì neon tí wọ́n ń fi sínú irú léésà kan nílé iṣẹ́ chip, nǹkan bí ìdajì ti gbogbo ayé ló ń ti ilé iṣẹ́ méjì wá, ọ̀kan ní Mariupol, ọ̀kan ní Odesa, kíá ni méjèèjì ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní òun máa fi bọ́ǹbù wá chip, kò ní rí chip níbẹ̀ tó bá débẹ̀.

Ìjà náà fúnra ẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe débi tó dé? Ní May 2019, Amẹ́ríkà fi orúkọ Huawei, ilé iṣẹ́ fóònù Ṣáínà, sínú àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn ò gbọ́dọ̀ tà fún láìgba àṣẹ. Ní October 7, 2022, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí gbogbo Ṣáínà, chip tó lágbára fún AI, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é, kódà àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ní òfin lórí. Ṣáínà náà ò káwọ́ gbera. Àwọn mẹ́tà tí wọ́n ń pè ní rare earth, tó ń wà nínú mọ́tò oníná àti nínú ọkọ̀ òfurufú ogun, tá a bá kó 100 jọ nínú èyí tí wọ́n ń fọ̀ láyé, nǹkan bí 90 ló jẹ́ Ṣáínà ló ń fọ̀ ọ́. Ní 2023 wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gallium àti germanium, mẹ́tà méjì tí wọ́n ń lò fún chip, ní December 2024 wọ́n ní àwọn ò tà á fún Amẹ́ríkà mọ́, nígbà tó di April 2025 wọ́n fi rare earth méje kún un, tí Ford fi dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ díẹ̀ nílé iṣẹ́ ẹ̀ kan ní Chicago. Trump ti Amẹ́ríkà àti Xi ti Ṣáínà wá pàdé ní Busan ní Kòríà Gúúsù ní October 2025, wọ́n jọ fọwọ́ wọ́nú díẹ̀, Ṣáínà ní kí òfin tuntun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde lóṣù yẹn ṣì sùn fún ọdún kan.

Àwọn tó gbà pé ọ̀rọ̀ yìí tó ogun, ohun tí wọ́n ń sọ rèé: orílẹ̀-èdè tí ò bá ní chip, láàárín ọdún díẹ̀, ohun ìjà ẹ̀ á ti di ti àtijọ́, ẹnikẹ́ni á lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà kó tètè jà nígbà tágbára ṣì wà lára ẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yẹn o. Ìbẹ̀rù tó wà nínú ẹ̀, ìbẹ̀rù gidi ni.

Àmọ́ ilẹ̀ Yorùbá ti dán an wò rí. Ìbàdàn ò sún mọ́ òkun, ìbọn àti ẹ̀tù sì rèé, etí òkun ni wọ́n ń gbà wọlé, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ sì gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Lọ́dún 1877, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, rán èèyàn lọ ra ohun ìjà ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto Novo, àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Ààrẹ ní ogun ló kù. Ọ̀nà mìíràn wà o, kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ tí Glover tó ń darí Èkó ti ṣètò kí ọ̀nà Òndó ṣí, ó jìn lóòótọ́, àmọ́ ó wà. Wọ́n kó ogun lọ sóko Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú náà ti ọ̀nà tiwọn pa, nígbà tó di 1878 Fábùnmi Òkèmẹ̀sí ti dìde sí àjẹlẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà da ọwọ́ pọ̀, Ògèdèǹgbé wá ṣíwájú wọn, ọ̀nà Òndó yẹn gan-an làwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó wá ń gbà kó ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí wọn, nígbà tó jẹ́ ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ogun tí wọ́n ní àwọn fi ń wá ọ̀nà ìbọn, òun náà ló wá sọ ìbọn di ọ̀wọ́n fún wọn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ti Èkìtì yàtọ̀, àjẹlẹ̀ ń jẹ gàba lé wọn lórí, wọ́n ń kó wọn lẹ́rú, ẹni tó bá jà kí wọ́n má baà mú òun lẹ́rú, mi ò lè bá a wí. Ti Ààrẹ ni mò ń sọ. Látòósà kú sí ibùdó ogun lọ́dún 1885, kò fojú rí òpin ẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní September 1886, síbẹ̀ ìjà ò tán ní apá Ọ̀ffà títí di 1893. Ta ló wá jèrè? Lọ́dún 1892, Gẹ̀ẹ́sì ní torí pé Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà ọjà, wọ́n gbé ìbọn Maxim wá bá wọn ní Ìmagbọ̀n, ọ̀nà ṣí lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ó ṣí fún Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Gómìnà Carter ń gba ìlú dé ìlú pẹ̀lú ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Nígbà tó di 1895, Captain Bower yin àgbá lu Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí wa níbí yìí. Gẹ̀ẹ́sì ló jèrè, kì í ṣe Ẹ̀gbá, kì í ṣe Ìbàdàn. Ìlú wa Ògbómọ̀ṣọ́ náà, ogun ló kó ọ̀pọ̀ baba ńlá wa dé bí, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú tí Ìkòyí àtàwọn ìlú mìíràn tú, a mọ bí ogun ṣe ń rí lẹ́yìn táwọn tó dá a sílẹ̀ bá ti kú tán.

Jàpáànù náà ṣe tiẹ̀. Wọ́n ti wà nínú ogun ní Ṣáínà láti 1937, ní July 1941 wọ́n tún wọ apá gúúsù Indochina, Amẹ́ríkà wá ní àwọn ò ta epo fún wọn mọ́. Nǹkan bí 80 nínú 100 epo Jàpáànù, Amẹ́ríkà ló ti ń wá. Àwọn ọ̀gá ológun wọn jókòó, wọ́n ka epo tó kù, wọ́n ní kò lè tó ọdún méjì, bí a ò bá jà báyìí a ò ní lè jà mọ́. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ọ̀rọ̀ chip yẹn gan-an, epo ni wọ́n fi sípò ẹ̀. December 7, 1941, wọ́n kọlu Pearl Harbor, wọ́n sì lọ gba kànga epo Indonesia lọ́wọ́ àwọn ará Nẹ́dálándì. Wọ́n gbà á o! Epo wà lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà ń rì ọkọ̀ tó ń gbé epo náà lọ sílé, títí tó fi di pé ní ìparí ogun wọ́n ń kó aráàlú jáde kí wọ́n lọ máa wú gbòǹgbò igi páìnì láti fún epo lára ẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọmọ Jàpáànù ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n jókòó, wọ́n ń fi owó ra epo lọ́jà bíi gbogbo èèyàn, láì ní kànga kankan tó jọjú, wọ́n sì di ara àwọn olówó jù láyé kí 1970 tó pé.

Jàpáànù yìí kan náà, lọ́dún 2010, ọkọ̀ apẹja Ṣáínà kan forí gbá ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ wọn nítòsí erékùṣù Senkaku tí àwọn méjèèjì ń jà lé, bí rare earth Ṣáínà ò ṣe wá sọ́dọ̀ wọn mọ́ nìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ dá owó lé Lynas, ilé iṣẹ́ tó ń wa kùsà ní Australia, kó máa wà á fún wọn, wọ́n wá ọ̀nà láti lo èyí tó kéré, wọ́n kó pamọ́, àwọn àti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sì gbé ẹjọ́ lọ sí WTO, àjọ tó ń rí sí òwò àgbáyé, ní 2012, Ṣáínà jẹ̀bi ní 2014, ó sì gbé òfin yẹn kúrò. Níbi tí wọ́n ti ń gba nǹkan bí 90 nínú 100 lọ́wọ́ Ṣáínà, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 60. Ọdún pọ̀ lórí ẹ̀, owó pọ̀ lórí ẹ̀, kò sí òkú lórí ẹ̀.

Mo fẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹni tó ní òun ò ta ọjà òun fún ọ, kò tíì bá ọ jà. Ẹni tó fi ọkọ̀ ogun dí etíkun ẹ pé kí ọjà ẹnikẹ́ni má wọlé fún ọ, ìyẹn ti bá ọ jà. Òfin àgbáyé náà mọ ìyàtọ̀ yẹn. Àdéhùn UN ti 1945, tí Nàìjíríà náà wọ inú ẹ̀ ní October 1960, ní ẹsẹ kejì ẹ̀ ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ogun halẹ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, ní ẹsẹ 51 ó ní ẹni tí wọ́n bá gbé ohun ìjà kọlù lè gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di 1974 àpéjọ UN tún kà á sínú ìwé pé kí ológun dí etíkun orílẹ̀-èdè mọ́ ọn, ìkọlù ni. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí wọ́n má ta chip fún ọ jẹ́ ìkọlù. Nítorí náà tí Ṣáínà bá fi ọkọ̀ ogun yí Taiwan ká, táwọn ará Taiwan bá jà, orí ara wọn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Chip kọ́. Tí Amẹ́ríkà bá wá sọ pé torí chip lòun ṣe wọ ibẹ̀, èmi ò ní pe ìyẹn ní ìjà òdodo.

Ẹnì kan lè sọ pé ó rọrùn fún èmi láti sọ bẹ́ẹ̀ torí kò tíì kàn mí. Ó ti kàn wá rí. Ní March 2, 2021, abẹ́rẹ́ Covid tó fẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù 4 dé Abuja, India ni wọ́n ti ṣe é. Oṣù yẹn ò tíì parí tí India fi fọwọ́ mú èyí tó kù, torí àrùn náà ti ń pa àwọn èèyàn tiwọn bí nǹkan míì, oṣù lórí oṣù ni gbogbo Áfríkà fi ń dúró. Èèyàn kú nínú ìdúró yẹn. Ohun èlò tẹknọ́lọ́jì ni abẹ́rẹ́ yẹn náà, ó tún kan ẹ̀mí ju chip lọ fíìfíì. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa ronú pé Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti lọ bá India jagun? Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ sọ ọ́ sẹ́nu. A bínú, a ké, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó yẹ ká máa ṣe tiwa nílẹ̀ Áfríkà. Tó bá jẹ́ pé àwa tí ẹ̀mí wa wà lórí ẹ̀ ò ní ẹ̀tọ́ láti jagun, kí ló wá fún ẹni tó kàn ń bẹ̀rù pé kọ̀ǹpútà òun á lọ́ra ju ti ọ̀tá òun lọ ní ẹ̀tọ́ yẹn? Agbára tí wọ́n ní ni. Agbára sì yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni pé bá a ṣe ń bi ara wa bóyá ogun á wáyé, àwọn kan ti ń kú torí nǹkan yìí. Ní ìlà oòrùn Kóńgò, coltan, òkúta tí wọ́n ń rí mẹ́tà tantalum fún fóònù nínú ẹ̀, wà ní Rubaya, àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 gba ibẹ̀ ní 2024, wọ́n gba Goma ní January 2025. Ogun yẹn ti ní gbòǹgbò tipẹ́, láti ìgbà ìpakúpa Rwanda ní 1994, coltan nìkan kọ́ ló bí i, àmọ́ coltan ń bọ́ ọ. Nílé níbí náà ńkọ́? January 16, 2024, Bódìjà n'Ìbàdàn, ilé wó, èèyàn kú, Gómìnà Mákindé sì jáde pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó nǹkan abúgbàù sínú ilé níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan dìde, wọ́n ní ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé Ẹ̀gbá ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe di ọ̀nà. Rárá, sà. Ìyọ̀ náà ń gba ọ̀nà yẹn, aṣọ ń gbà á, ìyà tó jẹ àwọn ìyá ọlọ́jà tí ò mọ nǹkan kan nípa ìbọn ò kéré. Ó burú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ń ṣe fún ara wọn yìí, ó burú, àwọn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń jìyà ẹ̀. Àmọ́ ìwà burúkú pọ̀ tó jẹ́ pé ogun kọ́ ni èsì ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan láti LAUTECH wá béèrè pé kí ló kàn wá nínú gbogbo ẹ̀ gan-an, nígbà tí a ò ṣe chip, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè èrò wa. Mo ní lithium wà ní Kòmú, ní Òkè-Ògùn tiwa, bátìrì mọ́tò oníná ni wọ́n ń fi í ṣe, àwọn èèyàn sì ti ń wà á kó lọ láìní ìwé àṣẹ. Ọjọ́ ń bọ̀ táwọn alágbára yìí á ní ká tà á fún àwọn nìkan ṣoṣo. Mo fẹ́ kí ìjọba wa tà á ní gbangba, fún ẹnikẹ́ni tó bá san owó ẹ̀, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ níbí kó tó lọ, káwọn ará Kòmú mọ iye tí wọ́n tà á. Ìkejì, Nàìjíríà ní ìbò kan ní àpéjọ UN, ó bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá gbé ogun torí ohun èlò, tó sì wá síbẹ̀ wá ṣàlàyé pé ọ̀ranyàn ni, mo fẹ́ kí aṣojú wa dìbò takò ó, kó má wò ó pé Ṣáínà ló yá wa lówó ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kó má sì wò ó pé lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà làwọn ọmọ wa ti ń tọrọ físà.